Nígbà Tí Jíà Oníná Bá Kọ̀ṣẹ́ ní Òkè Mápó

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn àtijọ́ kí ó má bá òkè pàdé. Láti Ọjà'ba ni ilẹ̀ ti ń gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, bí a bá sì kọjú sí Bẹẹrẹ, yóò tún dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó ń lo iná mànàmáná kò sì fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa tó kílò 25. Bí jíà rẹ̀ bá há sórí eyín tí ó kéré jù lẹ́yìn, mọ́tò yóò máa gbóná lórí òkè, bátìrì yóò sì tán kí ọ̀nà tó tán.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àbúrò mi ṣe lẹ́yìn tí ọ̀kadà kan gbá a, tí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Òun ni ó fi ń gbé oògùn láti ilé ìtajà oògùn kan ní Bẹẹrẹ lọ fún àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gba òkè mọ́. Ọjọ́ tí kò bá gùn ún, kò sí owó. Ẹni tí ó tà á fún un ní kò sí àtúnṣe, àfi kí ó ra odindi ẹ̀rọ jíà tuntun láti òkè òkun. Iye tí ó pè ju ohun tí ọmọ náà ń gbà ní oṣù mẹ́ta lọ. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, wáyà irin ni ó ń fa apá jíà, ìyẹn apá kékeré tí ó ń gbé ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sórí èkejì. Ní ọdún 2009 ni Shimano, ilé iṣẹ́ Japan, gbé irú tí a ń pè ní Di2 jáde: ènìyàn tẹ bọ́tìnnì, iná gba inú wáyà lọ, mọ́tò kékeré kan tí ó wà nínú apá náà sì sún ṣéènì. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ a máa ṣubú. Nítorí náà, bí nǹkan bá gbá apá náà gidigidi, mọ́tò yóò já ara rẹ̀ gbà kúrò lára apá kí ó má baà fọ́. Láti ìgbà náà, bí a tẹ bọ́tìnnì títí, jíà kò ní yí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ti kú.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀ òkè Mápó.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, iná rẹ̀ ni wọ́n ní ó bàjẹ́," ni àbúrò mi wí.

"Iná wo? Ṣebí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tàn. Bẹ̀rẹ̀, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán."

Kò dúró ṣánṣán. Ìkọ́ kékeré tí ó so apá jíà mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ wọnú. Àlùmíníọ̀mù rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó lè tẹ̀ dípò ohun tí ó wọ́n jù ú lọ. Mo bi bàbá bóyá alágbẹ̀dẹ lè rọ òmíràn. Ó ní ó lè rọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fi irin líle rọ ọ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá tún ṣubú, ìkọ́ kò ní tẹ̀; apá jíà ni yóò kán. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí mo ti kà nípa rẹ̀ lọ.

A yọ bátìrì ńlá, a tú apá jíà kúrò. Bàbá kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìkọ́ ní òkè òkun. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mìíràn ni ó mú, tí ó lọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀ wọnú ihò ìkọ́ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ń fi tépù wọn àlàfo àárín wọn lókè, nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ń rọra tẹ̀ ẹ́ títí àlàfo náà fi dọ́gba. Ó kìlọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni irú àlùmíníọ̀mù yìí ń gba títọ́. Bí a bá rí ìlà sísán lára rẹ̀, kí a jù ú nù.

Ìgbà náà ni ó kan èmi. Lórí kẹ̀kẹ́ oníná bíi tiwa, inú ètò ojú pánẹ́ẹ̀lì ni àṣẹ tí ó ń dá mọ́tò padà sí ìdè rẹ̀ wà. Lórí èyí tí ó ní àpótí kékeré oníbọ́tìnnì, a ó tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí iná pupa yóò fi máa ṣẹ́jú. A gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, a ń yí pẹ́dàlì. Apá náà ké kín-ín, ó rìn, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Bí kò bá dún rárá ńkọ́? Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá ní àsìkò òjò: kí ẹ yọ orí rẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì tì í wọlé títí yóò fi dún pá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú inú bátìrì náà. Ó lè gbiná, omi garawa kan kò sì ní tó pa á.

Eyín kẹta ṣì ń pariwo díẹ̀, ìkọ́ tuntun tí a ní kí wọ́n bá wa rà kò sì tíì dé. Àbúrò mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kàn ń fo eyín kẹta náà ni.