Ẹ̀rọ Iná Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná mu. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti abúlé kan ti ń ṣe iná tiwọn. Ní 2019, Yunifásítì Bayero ní Kánò ṣí irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ó pa oòrùn, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.1 mẹ́gáwáàtì. Microgrid ni àwọn ẹ́ńjìnníà ń pè é. Ṣùgbọ́n kí á ra ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ṣíṣàkóso rẹ̀ ni iṣẹ́.

Kí ni ìdí? Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí bátìrì lè gbà pamọ́, bí a ti ń ṣe iná ni a ń lò ó. Lórí iná ńlá ti orílẹ̀-èdè, ẹni tí ó tan mọ́tò kan dà bí ẹni tí ó bu ife omi kan nínú odò Ọ̀ṣun. Nínú ètò kékeré, inú igbá ni ó ti bù ú: gbogbo ilé ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí a ti ń pín ẹrù. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni 50 hertz. Bí ẹrù bá wúwo, jẹnẹrétọ̀ a máa falẹ̀, iye yìí a sì lọ sílẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé a sọ ìfalẹ̀ yìí di èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ̀rọ méjì wà, ọ̀kan 100 kílówáàtì, èkejì 50. A ṣètò méjèèjì sí 50.5 hertz nígbà tí wọn kò ru nǹkan, àti 49.5 nígbà tí ẹrù wọn bá kún. Bí ẹrù 90 kílówáàtì bá dé, wọn yóò balẹ̀ sí 49.9: ẹ̀gbọ́n yóò ru 60, àbúrò yóò ru 30. Kò sí wáyà tẹlifóònù láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Inverter tí ń yí iná bátìrì padà kò ní irin tí ń yí, ṣùgbọ́n a lè kọ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ní òfin kan náà. Ó yára bí ọmọdé, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ a máa tán. Jẹnẹrétọ̀ lọ́ra bí àgbà, ṣùgbọ́n ó lè rù ú di òwúrọ̀ bí epo bá wà.

Èkejì ni pé kí iná fúnra rẹ̀ dára. 230 volt ni ó yẹ kí ó wọ ilé. Nígbà tí mọ́tò ńlá bá ń gbéra, a máa gbé iná mì ju bí ó ti yẹ lọ, volt a sì já wálẹ̀. Inverter tí ó wà nítòsí lè dì í mú. Bákan náà, kọ̀ǹpútà àti ṣájà kì í fa iná geere. Ńṣe ni wọ́n ń já a gbà díẹ̀díẹ̀. Èyí a máa ba ìrísí ìgbì iná jẹ́, wáyà àti tiransífọ́mà a sì máa gbóná. Sẹ́ẹ́ iná ni a fi ń tún un ṣe.

Bí fìríìjì àjẹsára bá jóná ní ilé ìwòsàn abúlé nítorí iná burúkú, ọmọ ọwọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń yangàn pé a ní iná tiwa, ẹ jẹ́ kí á tún béèrè pé: ta ni yóò máa ṣàkóso rẹ̀?