Ṣé O Mọ̀? Háàkà Tó Ń Jalè, Háàkà Tó Ń Ṣọ́lé

Ṣé o mọ̀ pé háàkà, ẹni tó ń wá ihò wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé? Lọ́dún 1903, Marconi, gbajúmọ̀ oníwáyálẹ́ẹ̀sì, wà ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ fi wáyálẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lérí pé ẹnikẹ́ni ò lè dá sí ọ̀rọ̀ tóun bá fi ránṣẹ́. Kí tirẹ̀ tó wọlé, ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ kan léraléra: “eku, eku.” Nevil Maskelyne, apidán kan, ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n bínú sí i gan-an, ṣùgbọ́n oore ló ṣe aráyé: ó fi hàn pé ihò wà níbi tí wọ́n ní kò sí.



Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olè orí fóònù kì í já kọ̀ǹpútà kankan? Ẹnu ni wọ́n fi ń jalè. Ìyá ẹlẹ́ja jókòó ní ọjà Agbálátà, l'Àgbádárìgì, fóònù dún: “Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Báńkì yín ni. Wọ́n fẹ́ ti akáǹtì yín pa. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí, ẹ kà á fún mi.” Bó ṣe kà á tán, owó ẹja ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Nọ́ńbà yẹn ni báńkì ń pè ní OTP, kọ́kọ́rọ́ owó yín ni. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ yín ló ń pè.

Irú ẹnu dídùn bẹ́ẹ̀ ni Kevin Mitnick ará Amẹ́ríkà fi wọ ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Ó jáde lọ́dún 2000; nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ń sanwó fún un kó wá dán ilẹ̀kùn wọn wò.

Ṣé o mọ̀ pé iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pe àwọn háàkà lọ́dún 2016 kí wọ́n wá dán ilẹ̀kùn tirẹ̀ wò? Ihò 138 ni wọ́n bá a rí, ó sì sanwó fún wọn.

Lóṣù Karùn-ún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry ti kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn Britain pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Marcus Hutchins, ọmọ ọdún 22, rí orúkọ ìkànnì kan nínú rẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò tíì rà. Ó rà á, àrùn náà ò sì tàn kálẹ̀ mọ́.

Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015, ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ láti jí nǹkan níbẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ, Confidence Staveley, ọmọ Nàìjíríà, dá CyberSafe Foundation sílẹ̀. Ètò CyberGirls wọn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ilẹ̀ Áfíríkà lọ́fẹ̀ẹ́.