Pọ́ǹpù Wo Ló Yẹ Táǹkì Ẹja Wa? Àlàyé fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Tó Ń Sin Àrọ̀

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ń wá yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ láti fi sin ẹja àrọ̀ ń pọ̀ sí i, láti Ọ̀rẹ̀ níbí títí dé Odígbó. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, a máa ń rí iye owó ọmọ ẹja, iye owó oúnjẹ, iye owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n tó bá kan pọ́ǹpù, ohun tí wọ́n ń kọ kò ju "pọ́ǹpù 1" lọ. Irú èwo? Fún iṣẹ́ wo? Kò sí. Bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù yìí ló máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, òun ló sì máa ń pinnu bóyá owó tí èèyàn yá máa padà wọlé tàbí ó máa bá ẹja kú. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Iṣẹ́ 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pọ́ǹpù ń ṣe ní ibi ìsìnja. Èkíní ni kí ó fa omi láti inú kànga tàbí kànga dẹ̀rọ lọ sínú táǹkì orí òpó. Èkejì ni kí ó máa yí omi ká: omi ìdọ̀tí á kúrò lọ́dọ̀ ẹja, á gba inú asẹ́ kọjá, á sì padà sọ́dọ̀ ẹja. Iṣẹ́ kìíní ń fẹ́ gíga. Iṣẹ́ kejì kò fẹ́ gíga rárá, ọ̀pọ̀ omi ló ń fẹ́. Pọ́ǹpù tó dára fún ọ̀kan kì í sábà dára fún èkejì. Ẹ má sì bá ẹni tó ń tà á jà o, ohun tí ẹ bá béèrè ló máa tà fún yín. Onísòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wa, a mọ bó ṣe ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi táǹkì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 12 ni, ìyẹn lítà 12,000. Níbi tí ẹja bá ti pọ̀ nínú táǹkì tó ń lo asẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣe ni pé kí gbogbo omi yẹn yípo tó ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 1. Nítorí náà, pọ́ǹpù tí à ń wá gbọ́dọ̀ gbé lítà 12,000 ní wákàtí kan, kí ó sì gbé e ga tó mítà 2 péré, láti ìdí asẹ́ sí etí táǹkì.

Ẹ wá wo pọ́ǹpù ìdajì hóòsì tó kún ọjà. Ohun tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni H max 40 m àti Q max 40 l/min. H ni gíga, Q ni iye omi. Lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ lítà 2,400 ní wákàtí kan. Á gbà á ní odidi wákàtí 5 kí ó tó yí omi táǹkì wa po lẹ́ẹ̀kan! Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà méjèèjì yìí kì í bára wọn rìn o. Tí pọ́ǹpù náà bá gbé omi dé mítà 40, omi kò ní dà jáde mọ́. Tí ó bá sì ń da lítà 40, a jẹ́ pé kò gbé e ga rárá. Ohun tí ẹ máa rí wà láàárín méjèèjì. Ìwé kan sábà máa ń wà nínú páálí, tí wọ́n ya ìlà sí láti fi iye omi hàn ní gíga kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Yàtọ̀ sí èyí, inú irú pọ́ǹpù kékeré bẹ́ẹ̀ há, iyanrìn àti ìgbẹ́ ẹja kì í pẹ́ jẹ ẹ́. Omi kànga tó mọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹlòmíràn á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ra hóòsì 1 tàbí hóòsì 1 àbọ̀." Àṣejù nìyẹn, owó iná ló sì máa fi hàn. Láti gbé lítà 12,000 ga ní mítà 2 láàárín wákàtí kan, agbára tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń gbà kò ju nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 65 lọ. Pọ́ǹpù máa ń fi díẹ̀ ṣòfò, nítorí náà ẹ kà á sí wọ́ọ̀tì 200. Tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24, yúníìtì iná tó máa jẹ jẹ́ 4.8. Pọ́ǹpù hóòsì 1 kì í jẹ kéré sí wọ́ọ̀tì 750. Tiẹ̀ nìyẹn, ó kéré tán, yúníìtì 18 lójúmọ́. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 13.2 lójoojúmọ́. Àrọ̀ máa ń lò tó oṣù 6 kí ó tó tóbi tó títà. Ní ọjọ́ 180, ìyàtọ̀ náà ti lé ní yúníìtì 2,300. Kí kálukú fi iye tó ń ra yúníìtì kan sọ ọ́ di ìlọ́po, kó wá wò ó bóyá èrè kù nínú ẹja náà.

Irú tí à ń wí yìí wà. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń sin ẹja òkun pẹ̀lú iyùn nínú táǹkì gíláàsì. Ìbátan iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn ni, ohun ẹlẹ́mìí ni kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn kò lè rìn lọ wá oúnjẹ, omi ló ń gbé e wá bá a, nítorí náà omi táǹkì wọn kò gbọdọ̀ dúró. Pọ́ǹpù tí wọ́n ń lò máa ń da omi púpọ̀ láìgbé e ga, iná rẹ̀ kò sì pọ̀. Òmíràn nínú wọn ń lo iná bátìrì fóòtì 24, ó sì ní àpótí kékeré kan, kọntirólà, tí èèyàn fi ń dín eré rẹ̀ kù. Ara àpótí yìí, bọ́tìnnì kan máa ń wà fún àkókò oúnjẹ: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù á dúró fún bí ìṣẹ́jú 10, á sì tún tan ara rẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń bá wa bọ́ ẹja ló ti pa pọ́ǹpù tí wọ́n sì gbàgbé láti tan án?

Páìpù ńkọ́? Lítà 12,000 kò lè gba inú páìpù íǹṣì 1 láìjà. Íǹṣì 2 ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá dín fífẹ̀ páìpù kù sí ìdajì, ìjàkadì tí omi ń bá páìpù jà á di nǹkan bí ìlọ́po 30. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ lórí páìpù, iná á gbà á padà.

Nípa ohun tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù, swíìṣì oníbọ́ọ̀lù tó ń léfòó lórí omi ni a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Nínú táǹkì orí òpó, ó ń pa pọ́ǹpù nígbà tí omi bá kún. Nínú táǹkì kékeré tó wà lẹ́yìn asẹ́, ó ń pa á nígbà tí omi bá fẹ́ tán, kí pọ́ǹpù má baà ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ kó sì jó. Inú táǹkì kékeré yìí ni kí pọ́ǹpù máa wà, kí ó má ṣe máa fa omi láti ọ̀dọ̀ ẹja tààrà. Tí páìpù bá já lóru, omi táǹkì kékeré nìkan ló máa dànù. Ẹ tún wo ẹnu páìpù tó ń da omi padà: ó gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi lọ. Tí ó bá rì sínú omi, nígbà tí iná bá lọ, páìpù á fa omi ọ̀dọ̀ ẹja padà sísàlẹ̀, ẹja á sì máa jà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní ti iná, a ti kúrò lábẹ́ NEPA àti PHCN, BEDC ló ń pín in fún wa láti 2013, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iná tó máa ń rẹ̀ bí àtùpà. Tí fóòtì bá lọ sílẹ̀ jù, pọ́ǹpù á máa kùn láìyí, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Ẹ ra ohun tó ń gé iná tí fóòtì bá kéré tàbí tó bá pọ̀ jù, tó sì ń dúró díẹ̀ kí ó tó tún un tan. Fún jẹnẹrétọ̀, ẹ rántí pé nígbà tí pọ́ǹpù bá ń gbéra, iná tó ń fà máa ń tó ìlọ́po 3 sí 6 èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé hóòsì 1 dìde. Ó lè gbé pọ́ǹpù wọ́ọ̀tì 200.

A tún rò pé pọ́ǹpù 2 tó ń da lítà 6,000 níkọ̀ọ̀kan dára ju ẹyọ 1 tó ń da 12,000 lọ, bí owó wọn tilẹ̀ fi díẹ̀ ga. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lálẹ́ Sátidé, èkejì á gbé ẹja dé àárọ̀ Mọ́ńdè tí oníṣẹ́ iná á dé.

Tí gbogbo rẹ̀ bá sì dúró, ẹ má bọ́ ẹja rárá. Àrọ̀ lè wá mí sókè omi, kò dà bí ẹpìyà, nítorí náà àìsí afẹ́fẹ́ kì í tètè pa á. Ammonia tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á, oúnjẹ ló sì ń mú un pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àrọ̀ tí kò tíì pé bí ọ̀sẹ̀ 3 kò tíì lè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń pa ẹyin ẹja kò gbọdọ̀ wà láìsí bátìrì. Tí iná bá pẹ́ kí ó tó dé, ẹ kọ́kọ́ da omi inú asẹ́ nù, nítorí àwọn kòkòrò àìrí tó ń fọ omi níbẹ̀ á ti máa kú, omi náà á sì ti díbàjẹ́.

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó pọ́ǹpù kọ nǹkan 4 sí fọ́ọ̀mù: gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn omi táǹkì, gíga tí omi máa gùn, gígùn àti fífẹ̀ páìpù, àti irú iná tó máa lò. Ẹni tí ìsirò bá ṣòro fún, kó mú ìwọ̀n rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, a máa jọ jókòó ṣe é.