Ìrántí Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń béèrè ní gbogbo oríta, ilẹ̀ yóò ṣú u sọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlú Oba, lẹ́bàá Onitsha, ṣe àpẹẹrẹ. Títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1991, akọ̀wé tí ó bá ń kọ̀wé láti Oba sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra, Enugu ni yóò kọ sí ara àpò ìwé, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà ni a pín ìpínlẹ̀ náà sí méjì: Awka di olú-ìlú Anambra, Enugu bọ́ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Oba kò kúrò níbi tí ó wà, akọ̀wé kò sì gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Ohun tí ó mọ̀ gan-an ni ó ṣì í lọ́nà.

Irú ìṣòro yìí ni ó ń bá àwọn tí ń ṣe ètò ògbufọ̀ fún kọ̀ǹpútà fínra, èyíinì ni ètò tí ń ka àṣẹ tí ènìyàn kọ, tí ó sì ń mú un ṣẹ ní ẹsẹẹsẹ. Láti ìgbà Unix ẹ̀dà keje, ní ọdún 1979, ni ètò kọ̀ọ̀kan ti ń gba àkọsílẹ̀ kéékèèké nípa àyíká rẹ̀ bí ó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan ni TZ, tí a lè kọ Africa/Lagos sí, kí aago lè bá ti Nàìjíríà mu. Òmíràn lè sọ ibi tí ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ wà.

Bí ògbufọ̀ bá ń wo àkọsílẹ̀ náà nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ a falẹ̀. Python a máa ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò tí a fi èdè C kọ bá yí ojúlówó padà lẹ́yìn náà, àdàkọ kò ní mọ̀.

Ní ọdún 1984, L. Peter Deutsch àti Allan Schiffman fi ọ̀nà kan hàn nínú iṣẹ́ wọn lórí Smalltalk-80: kí ètò rántí ohun tí ó rí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò wéré bóyá ìrántí náà ṣì bá a mu. A lè lo ọgbọ́n yìí fún àkọsílẹ̀ àyíká. Kí a ní nọ́ńbà kan tí yóò máa fi ení lé sí i nígbàkúùgbà tí a bá yí àkọsílẹ̀ padà. Bí nọ́ńbà kò bá yí, kí ògbufọ̀ lo ìrántí rẹ̀. Bí ó bá yí, kí ó tún ojúlówó wò.

Àmọ́ gbogbo ìyípadà ni ó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tí nọ́ńbà náà ń ṣọ́. Bí ẹ̀yìnkùlé bá ṣí sílẹ̀, ó sàn kí a máa béèrè nígbà gbogbo. Kí iṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ sàn ju kí owó oṣù wọ inú ìwé tí a ti pa tì.