Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Orí Ni

Bí oṣù Kìíní ọdún bá ti wọlé, ìkéde jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ á bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, torí òun ni oṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 4 oṣù Kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Jẹjẹrẹ Lágbàáyé, ariwo á tún gòkè sí i. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí obìnrin tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lásìkò tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dé sáré lọ sílé ìwòsàn. Òótọ́ ni, kó sáré lọ. Àmọ́ ó ti máa ń pẹ́ tí nǹkan ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn tó hàn. Ọjọ́ orí ló yẹ kí ìkéde máa tẹnu mọ́: ọdún 9 sí 14 fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọdún 30 sókè fún àyẹ̀wò.

A mọ ohun tó ń fa àrùn náà. Lọ́dún 1983, Harald zur Hausen, onímọ̀ ìṣègùn ará Jámánì, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí kòkòrò HPV tí wọ́n fi nọ́ńbà 16 pè lára jẹjẹrẹ yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún rí 18. Àwọn méjèèjì ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kárí ayé. Inú ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ti ń ràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó o, tí ara wọn á sì lé e dànù láìmọ̀. Níbi tí kò bá ti lọ, ó lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, àfi lára ẹni tí agbára ara rẹ̀ bá ti dínkù, irú ẹni tó ní HIV tí kò gba ìtọ́jú. Pẹ̀lú gbogbo àyè ọdún wọ̀nyẹn, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún 2020, ó sì pa nǹkan bí 8,000.

Àwọn òbí kan ń bínú pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ ṣe, ṣé kì í ṣe pé à ń kọ́ ọ ní ìṣekúṣe ni? Abẹ́rẹ́ náà kì í lé kòkòrò tó ti wọlé, ìdènà ló wà fún, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọmọ tó pa ara rẹ̀ mọ́ títí dé ilé ọkọ sì lè kó o lára ọkọ tó fẹ́ ẹ níṣulọ́kà. Ìwà ọmọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé yóò sọ ọmọ wọn di àgàn. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdánwò oògùn tí ilé iṣẹ́ Pfizer ṣe lára àwọn ọmọdé ní Kano lọ́dún 1996 di ẹjọ́, kò sì jẹ́ kó yani lẹ́nu pé wọ́n fi irú ìbẹ̀rù yìí kọ abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2003. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Scotland, tó ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ HPV nílé ìwé láti 2008. Ìwádìí tó jáde ní oṣù Kìíní 2024 kò rí ẹyọ kan tó ní jẹjẹrẹ náà nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà pé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Kò sì sí ìwádìí tó fi hàn pé ó ń dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ gan-an ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń já sí yíyọ ilé ọmọ tàbí fífi ìtànṣán jó o.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tirẹ̀, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbígbà rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ibi tí mo ti rí àléébù ni ti àwọn ìyá, tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá abẹ́rẹ́. Àyẹ̀wò tiwọn kò le: nọ́ọ̀sì á fi òwú tó rẹ sínú fínígà tí wọ́n bu omi là pa ẹnu ilé ọmọ, ibi tí nǹkan bá ti ń yí padà á funfun, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kó tó di jẹjẹrẹ. Ìyá tó mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, tó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é fún un kó tó padà sílé.