Nípa Gbígbé Nínú Ilé Onílé

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ sìn ní ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ tí ó lọ ṣe ni a sábà máa ń bèèrè. A kì í bèèrè ilé tí ó wọ̀ sí. Lójú tiwa, ilé náà ni ìdajì iṣẹ́.

Àgbádárìgì ti mọ àlejò láti ìgbà pípẹ́ wá. Ní January 1845 ni Samuel Ajayi Crowther àti Henry Townsend gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ kọjá sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ìbá gbà wọ́n ti kú, ọ̀nà kò sì dára, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè lọ títí di 1846. Crowther, ọmọ Òṣogùn, ọmọ Yorùbá gan-an, sì di àlejò láàrín àwọn Ẹ̀gùn. Kì í ṣe òkun nìkan ni ń sọ ènìyàn di àlejò.

Àwa náà rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí a rán àwa mẹ́ta lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní abúlé apẹja kan láàrín ọ̀sà àti òkun, tí a sì wọ̀ sí ilé àwọn Ẹ̀gùn. Ní ọjọ́ kejì, a kó owó oúnjẹ wa jọ, a sì nà án sí Ìyá ilé lójú gbogbo ènìyàn. Ìyá wo owó náà, kò gbà á, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àkọ́bí rẹ̀, tí ó gbọ́ Yorùbá, ni ó wá bi wá pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé búkà ni ẹ pe ilé wa ni?” A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a ti ń bá wọn fa àwọ̀n létí òkun kí agogo ilé-ìwé tó lù, okùn sì bó wa lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún wa láti di ẹfun mú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá mú orí ẹja láti inú àwo tirẹ̀, ó fi fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀ràn Ìbàdàn. Ní October 1961, ọmọbìnrin kan nínú àwọn Peace Corps tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n sì ń tajà. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, wọ́n bínú gidigidi, ọmọbìnrin náà sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀. A kò pè é ní ènìyàn búburú. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni a fi í wọ̀. Kì í ṣe inú agbo ilé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Láti 1962 ni ẹgbẹ́ kan náà ti rán ènìyàn lọ sí Nepal, lẹ́bàá òkè Himalaya, ilé àwọn ará abúlé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì ni oúnjẹ ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni a sì fi ń jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé Híńdù níbẹ̀, ohun tí ẹnu ẹnì kan bá ti kàn ti di aláìmọ́ fún ẹlòmíràn. Jutho ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ń jẹun kò gbọdọ̀ fi ṣíbí tirẹ̀ bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò. Bí ó bá sì mu omi nínú ohun èlò tí gbogbo ilé jọ ń lò, yóò da á sẹ́nu láìjẹ́ kí ètè kàn án. Orí ẹja tí Ìyá fi kẹ́ wa, bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn níbẹ̀, a ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ó lè kan ẹnì kan nínú wa, nítorí láti 1987 ni Nàìjíríà pẹ̀lú ti dá Technical Aid Corps sílẹ̀, tí ó ti rán olùkọ́ àti dókítà lọ sí Gambia, Jamaica àti Fiji fún ọdún méjì méjì.

Ní ti owó wa, a bi àkọ́bí Ìyá léèrè ohun tí ó yẹ. Ó ní kí a ra iyọ̀ àti epo fìtílà, kí a gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí a má sì wí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kò bá a níbẹ̀ mọ́.