Bíréèkì Datsun 240Z: Bí Owó Èésú Ilé Mẹ́ta Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Wọ Ilẹ̀kùn Aládùúgbò

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan bi wá léèrè pé kí ló dé tí àwa mẹ́ta da owó èésú wa pọ̀, tí a kò fi ra ilẹ̀ nílé, tí a kò fi san owó ilé níbí, tó jẹ́ pé mọ́tò àtijọ́ tí kò lè dúró la lọ kó o lé lórí. Ìbéèrè gidi ni. A ó dáhùn rẹ̀ lójú ewé okòwò yìí, kí á lè jẹun ní àlàáfíà nígbà tí a bá tún pàdé.

Datsun 240Z ti ọdún 1972 ni mọ́tò náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé mọ Datsun dáadáa, ẹlòmíràn tiẹ̀ ti wọ̀ ọ́ ní tákisí rí. Èyí kì í ṣe ti tákisí o. Ìjókòó méjì péré ló ní, imú rẹ̀ gùn, ó sì ń sáré. Nissan gbé e jáde ní Jàpáàn ní 1969. Ní 1970 wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà níbí ní $3,526, wọ́n sì tà á títí di 1973. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ọ̀kan tó jẹ́ ti 1971, tí wọ́n tọ́jú bí ẹyin, lọ ní $310,000 lọ́jà gbàǹjo. Tiwa kò lè sún mọ́ ìyẹn rárá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ojú yín là. Iye tí a rà á kò ní hàn níbí, nítorí àwọn ìyàwó wa náà ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Bíréèkì ló jẹ́ kí a rí i rà ní ẹ̀dínwó. Dísìkì ni bíréèkì iwájú, dúróòmù ni ti ẹ̀yìn. Mọ́tò náà ti dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kálípà iwájú méjèèjì sì ti dógùn-ún dé inú, pístìnì kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú dúróòmù ẹ̀yìn ti sán. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe dúróòmù yẹn, irin ló wà nínú rẹ̀ níbi tí bíréèkì ṣúù ti ń há a, ojúlówó rẹ̀ sì ti di ohun à-fi-àtùpà-wá. Ẹnì kan tí a kò ní dárúkọ fi méjì ránṣẹ́ sí wa. Ó ti fi ọ̀dà fàdákà kùn wọ́n, wọ́n ń dán bí àwo ìyàwó. Nígbà tí a wọn inú wọn, wọ́n ti jẹ kọjá òdiwọ̀n tó wà nínú ìwé àtúnṣe mọ́tò náà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jà kí owó wa tó padà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ta dúróòmù fún wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n sínú rẹ̀, kó ya fọ́tò nọ́ńbà tó bá gbé jáde, kí a tó sọ̀rọ̀ owó. Báyìí la ṣe rí méjì tó dára lọ́wọ́ ẹnì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ti kálípà ni ọ̀rọ̀ okòwò gan-an wà. Àwọn tó ti ń tún Z ṣe tipẹ́ mọ̀ pé kálípà Toyota Pickup tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin wọ́, ti 1979 sí 1985, máa ń jókòó sójú ihò bóòtù 240Z láì gbẹ́ ohunkóhun. Hilux tí ẹ mọ̀ nílé náà ni, orúkọ ni wọ́n yí níbí. Pístìnì mẹ́rin ló ní, méjì ni ti Datsun. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí S12+8 tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ẹ má gba S12W nítorí pé ó jọ ọ́. Dísìkì tó nípọn, tó ní ihò atẹ́gùn láàárín, ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, àlàfo rẹ̀ fẹ̀ ju ti dísìkì pẹlẹbẹ Datsun lọ.

Àwọn ilé ìtajà páàtì ṣì ń ta èyí tí wọ́n tún ṣe. Wọ́n á gba owó ìdúró lórí rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà bí ẹ bá gbé ògbólógbòó wá. Àwa gbé ògbólógbòó Datsun lọ, a rò pé a gbọ́n. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà rẹ́rìn-ín títí: Toyota lẹ rà, Toyota lẹ ó dá padà. Owó ìdúró wa dúró síbẹ̀.

Ó ku páìpù. Nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì Datsun jẹ́ ti mílímítà, 10 mm, tí eyín rẹ̀ fi 1 mm jìnnà síra wọn. Ti Amẹ́ríkà tó fara jọ ọ́ jẹ́ ínǹṣì 3/8, eyín 24. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sínú èkejì, yóò wọlé fún ìyí bíi mélòó kan, ẹ ó rò pé ó ti mú, eyín rẹ̀ á sì já ní ọjọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì kíkan. Ìdí nìyí tí a kì í fi da nọ́ọ̀tì pọ̀ sínú agolo kan mọ́.

Àṣìṣe tó burú jù, àwa fúnra wa la ṣe é. A gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, a gbé ti òsì sí ọ̀tún. Bóòtù wọlé rẹ́gí, kò sí ohun tó ta wá lólobó. Ṣùgbọ́n ihò tí a fi ń yọ atẹ́gùn, òkè ló yẹ kó wà. Tiwa dojú kọ ilẹ̀. Atẹ́gùn sì máa ń gun orí ọ́ìlì ni. A yọ ọ́ títí ìgò ọ́ìlì méjì fi tán, èyí tó há sókè kálípà kò jáde. Àbúrò wa gbé mọ́tò náà rìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kíní, ó dúró díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ilẹ̀.

"Bọ̀dá, kò dúró o!"

"Fa ti ọwọ́! Fa ti ọwọ́!"

Wáyà ni bíréèkì ọwọ́ ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì, òun ló yọ wá. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló kù kí imú mọ́tò wọ ilẹ̀kùn irin aládùúgbò wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Owó èésú ilé mẹ́ta ló ń sáré lọ yẹn, ọmọ ọlọ́mọ sì wà nínú rẹ̀.

A yí kálípà padà síbi tó yẹ. Ẹsẹ̀ le sí i, àmọ́ ó ṣì ń rìn jìnnà kó tó mú, nítorí pístìnì mẹ́rin ń mu ọ́ìlì ju méjì lọ. Màsítà Datsun wa jẹ́ ínǹṣì 7/8. A pààrọ̀ rẹ̀ sí ti 280ZX tó jẹ́ 15/16. Lẹ́yìn náà la lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tó ṣófo ní òwúrọ̀ Sátidé, a dán an wò ní máìlì 20, 30, 40. Ohun tí à ń ṣọ́ ni pé kí táyà ẹ̀yìn má kọ́kọ́ há ju ti iwájú lọ, nítorí bó bá há, mọ́tò á yí bí òkòtó. Kò há.

Láti January 1, 2025, Texas kò fi dandan mú wa ṣe àyẹ̀wò ààbò mọ́tò ara ẹni lọ́dọọdún mọ́. Àwọn kan yọ̀. Ní ti bíréèkì tí a fi páàtì mọ́tò mìíràn ṣe, ó túmọ̀ sí pé ojú ẹni tó ṣe é ni ojú ìkẹyìn. Agbẹjọ́rò kan nínú ẹgbẹ́ wa ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má fọwọ́ kan bíréèkì ẹlòmíràn gbowó láì ní ìǹṣọ́ránsì ṣọ́ọ̀bù, a sì ti gbà á. A tún lẹ ìwé kan mọ́ inú àpótí ìbọ̀wọ́: kálípà àti pádì iwájú, Toyota Pickup 1985, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, màsítà, 280ZX 1979. Mẹkáníkì tó bá kàn lẹ́yìn wa kò ní máa méfò.

Èèyàn méjì ló ti wá wo mọ́tò náà, ọ̀kan ti dárúkọ iye tí a ṣì ń rò. A ó gbé e wá sí píkíníìkì ẹgbẹ́, ẹ ó rí i. Ẹni tó bá sì ní ògbólógbòó kálípà Toyota nínú gáráàjì rẹ̀, kó jọ̀wọ́ má sọ ọ́ nù. Owó ìdúró wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn.